Báńkì gé owó lẹ́ẹ̀mejì ní Iléṣà, èmi sì wà ní Birmingham: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Bọ́lọ́rundúró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun nílé lóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, ó ti ń dí mi lọ́wọ́ oorun.

Ilé kékeré kan là ń kọ́ sí ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní Bọ́lọ́rundúró, kí màmá wa má baà máa gun àtẹ̀gùn mọ́. Mo fi ₦640,000 ránṣẹ́ sí bíríkìlà láti orí app báńkì mi. Ó ń yí, ó ń yí, ó wá gbé e jáde pé kò lọ, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Kí n tó gbé fóònù kalẹ̀, alẹ́ẹ̀tì méjì ti wọlé tẹ̀lé ara wọn, ₦640,000 àti ₦640,000. Bíríkìlà ní ọ̀kan ṣoṣo ló dé ọ̀dọ̀ òun, ó sì gbé sítétimẹ́ǹtì tirẹ̀ wá fi han màmá mi. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ àdúgbò ni, ó sì ti ń bá wa ṣiṣẹ́ tipẹ́.

Mo pe báńkì. Wọ́n ní owó méjèèjì ti lọ, kí n lọ bá ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí mo ta kú, wọ́n ní nọ́ńbà tí mo fi ń pè kì í ṣe èyí tó wà lórí BVN mi, ni wọ́n bá ti àkáǹtì náà. Owó lè wọlé, kò lè jáde. Wọ́n ní àfi kí n wá fúnra mi sí ẹ̀ka tí mo ti ṣí i, ní Iléṣà. Owó ọkọ̀ òfurufú àlọ àtàbọ̀ ju owó tí mo ń lépa lọ!

Màmá mi lọ síbẹ̀ dípò mi. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé fáìlì lé itan láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, sítétimẹ́ǹtì mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí mo fọwọ́ sí. Nígbà tó kàn wọ́n, ọmọbìnrin tó wà lórí àga kò tilẹ̀ ṣí fáìlì náà. Ó ní, "Mama, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni àkáǹtì." Ó bá pe ẹni tó kàn.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Bàbá Eréjà

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ti màmá rẹ ló ká mi lára jù. Ẹni tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n má tilẹ̀ gba ìwé ọwọ́ rẹ̀! Bí wọ́n bá tún ń lọ, èmi fúnra mi yóò tẹ̀ lé wọn, ìtòsí ọjà Atákúnmọ́sà ni mo wà.

Àmọ́ kí a tó gbéra, dá mi lóhùn. Gbogbo ìgbà tí o bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ǹjẹ́ wọ́n fún ọ ní nọ́ńbà ẹ̀sùn? Kì í ṣe orúkọ ẹni tó gbé fóònù ni mo ń bèèrè o. Nọ́ńbà. Bí kò bá sí nọ́ńbà, lójú báńkì, o kò tíì fẹjọ́ sùn rárá.

Ọmọ Bọ́lọ́rundúró

Rárá, sà. "A ti kọ ọ́ sílẹ̀" ni wọ́n máa ń wí.

Ọmọ Lágéré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ifẹ̀ ni mo wà, iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bá báńkì fa irú èyí. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá ní ènìyàn nínú báńkì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tètè yanjú. Ẹ wo inú ìjọ màmá, ẹ wo inú ẹgbẹ́ wọn, kò ní ṣàì sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ó bá yín ti ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Ó Ti Ṣe Báńkì Rí

Àbúrò mi ará Lágéré, inúure lo fi sọ ọ́, mo mọ̀, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn. Mo ṣiṣẹ́ báńkì ní Iléṣà, mo ṣe é ní Òṣogbo. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣí àkáǹtì oníbàárà wò, orúkọ rẹ̀ ń hàn lórí kọ̀ǹpútà pé ó wò ó. Bí kò bá sí ìwé kankan tó rán an níṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ sì wá dojú rú, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Nítorí náà, ọmọ ìjọ yẹn yóò ní òun ń bá yín wò ó, yóò sì dákẹ́. Ẹ óò máa retí rẹ̀, ọjọ́ yóò máa lọ, kò sì ní sí ohunkóhun lákọsílẹ̀ tí ẹ lè tọ́ka sí. Bí ẹ bá ní ènìyàn níbẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ rán an: kí ó rí i pé wọ́n tẹ ẹ̀sùn yín sínú ẹ̀rọ, kí nọ́ńbà sì jáde.

Láti 2011 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé kí gbogbo báńkì ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn oníbàárà. Ẹ̀sùn tó bá ti wọlé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni báńkì ní láti fi yanjú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, láti ọjọ́ tí ẹ̀sùn wọlé ni a sì ń ka á. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò ní ọjọ́ tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi máa ń dùn mọ́ wọn.

Ó wá ku owó gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wá a, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Tiránsífà tó bá kúrò ní báńkì kan lọ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so gbogbo báńkì pọ̀, ló ń gbà kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà gígùn kan tí à ń pè ní Session ID, nọ́ńbà 30 la tò pọ̀ nínú rẹ̀. 6 àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí owó ti jáde. 12 tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́ àti aago, títí dé ìṣẹ́jú àáyá. 12 tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti tiránsífà náà nìkan, kò sí òmíràn tó ní irú rẹ̀.

Lọ ṣí rìsíìtì méjèèjì lórí app rẹ báyìí. Bí èkejì bá ní Session ID tirẹ̀, fi ránṣẹ́ sí bíríkìlà, kí ó gbé e lọ sí báńkì tirẹ̀, kí ó bi wọ́n bóyá owó tó ní nọ́ńbà yìí wọlé sí òun. Wọ́n lè wá a. Bí wọ́n bá ní kò wọlé, kí wọ́n fi ímeèlì sọ ọ́ tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé wọn. Ìwé yẹn, báńkì rẹ kò ní rí ohun tí yóò fi dá a lóhùn.

Bí rìsíìtì kejì kò bá ní Session ID rárá, a jẹ́ pé owó náà kò kúrò nílé. Ó wà nínú àkáǹtì kan nínú báńkì rẹ, níbi tí wọ́n ń kó owó tí kò rí ọ̀nà lọ sí. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ dá a padà, kò sì ní dá a padà bí kò bá sí ẹ̀sùn lórí tábìlì rẹ̀ tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Bọ́lọ́rundúró

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Rìsíìtì àkọ́kọ́ ní nọ́ńbà náà, ó gùn bí ẹ ṣe wí. Ti èkejì, "Successful" ni wọ́n kọ sókè, ṣùgbọ́n níwájú Session ID, òfìfo ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó Ti Ṣe Báńkì Rí

Ya àwòrán rẹ̀ nísinsìnyí, gbogbo ojú fóònù, kí aago àti ọjọ́ hàn lókè. Má ṣe fọwọ́ kan app yẹn, má jẹ́ kí ó gba ẹ̀dà tuntun, títí o ó fi ya á tán. Sì wa sítétimẹ́ǹtì oṣù náà jáde ní PDF nígbà tí o ṣì lè wọlé. Mo ti rí ibi tí rìsíìtì ti yí padà lẹ́yìn tí oníbàárà pariwo.

Ọmọ Lágéré

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ti káàdì kún un, torí àwọn ará òkè òkun tó bá wálé ní Kérésì máa ń kó sí i. Láti oṣù kẹfà 2020 ni CBN ti fi àkókò sí i. Bí ATM báńkì rẹ gan-an bá gé owó láìsan án, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó padà, bí ẹ̀rọ bá kọ̀, kó má ju wákàtí 24 lọ. ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48. POS tàbí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Bí o bá dúró títí o fi padà sí ìlú òyìnbó kí o tó fẹjọ́ sùn, o ti fún wọn láyè láti sọ pé àwọn kò rí àkọsílẹ̀.

Lọ́yà Ìjẹ̀ṣà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọmọbìnrin tó dá màmá padà. Kò ṣẹ̀ ní ti pé kò fi ohun tó wà nínú àkáǹtì han màmá. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wà, àṣírí oníbàárà sì ti wà lọ́rùn báńkì kí òfin yẹn tó dé. Ibi tó ti kùnà ni pé kò gba lẹ́tà. Gbígba lẹ́tà tí oníbàárà fọwọ́ sí kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Kí ó gbà á, kí ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí màmá yóò mú lọ sílé, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé tí o lè fi rán ènìyàn sí báńkì pín sí méjì, má dà wọ́n pọ̀. Lẹ́tà àṣẹ ni àkọ́kọ́. Ìwọ ni yóò kọ ọ́, ìwọ ni yóò fọwọ́ sí i, kí ìbuwọ́lùwé rẹ rí bí èyí tó wà lọ́wọ́ báńkì gẹ́lẹ́. Sọ pé o rán màmá rẹ, kọ orúkọ wọn bí ó ṣe wà lórí NIN wọn, pé kí wọ́n fi ẹ̀sùn yìí sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ìdáhùn. So fọ́tò ojú ewé pásípọ́ọ̀tù rẹ mọ́ ọn. Fún ọ̀rọ̀ tìrẹ, èyí lè tó. Fi ímeèlì ránṣẹ́ sí báńkì láti inú ímeèlì tó wà lórí àkáǹtì rẹ, lọ́jọ́ kan náà tí màmá ń gbé ẹ̀dà orí ìwé lọ, kí méjèèjì lè bára mu.

Èkejì ni Power of Attorney. Èyí lágbára gan-an, ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe ohun tí ìwọ ìbá ṣe. Bí o bá máa ṣe é, kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà sínú rẹ̀, kọ iṣẹ́ tí o rán ẹni náà, kọ ọjọ́ tí agbára náà yóò tán. Mo ti rí ìdílé tó fọ́ nítorí Power of Attorney tí wọ́n kàn kọ "gbogbo ohun ìní mi" sí. Níwájú Notary Public, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ni kí o ti fọwọ́ sí i níbẹ̀ yẹn, tàbí ní ilé aṣojú Nàìjíríà ní London. Abala 150 nínú Evidence Act ti 2011 sọ pé bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti ọwọ́ Notary Public tàbí aṣojú ìjọba Nàìjíríà wá, kí ilé ẹjọ́ gbà pé òtítọ́ ni. Bí báńkì bá ní àwọn kò lè gba ìwé tí wọ́n ṣe lókè òkun, fi abala yẹn hàn wọ́n.

Ìyá Ìbejì Houston

Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó ilé. Kí màmá má jìyà lórí ilé náà o, àṣẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà lájò gbọ́ ni ti láìnì. Àkáǹtì rẹ ì bá má ti di títì bí nọ́ńbà tó wà lórí BVN rẹ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ni pé láìnì tí kò bá na owó kankan fún oṣù 6, wọ́n lè pa á. Bí ó bá tún tó oṣù 6 sí i, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àlejò kan yóò máa gba OTP rẹ, yóò máa rí alẹ́ẹ̀tì rẹ! Sím mi wà nínú fóònù kékeré kan tí mi ò fi ṣe nǹkan mìíràn, mo ń fi káàdì ìpè sí i, mo sì ń fi í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé kó má baà kú. Kí ẹni tí tirẹ̀ bá ti kú tètè sọ fún báńkì kí wọ́n yí nọ́ńbà BVN padà, kí ìjà tó dé. *565*0# tí wọ́n fi ń wo BVN, orí láìnì Nàìjíríà tó wà lórí BVN náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní BVN rí, láti 2025 ni CBN àti NIBSS ti ṣí ọ̀nà tí àwọn tó wà lókè òkun lè fi ṣe é láìwálé. Ẹ má fi falẹ̀, torí láti oṣù kẹta 2024 ni CBN ti ní kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN.

Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0700 kì í sábà lọ láti òkèèrè. Ẹ wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234 lórí ojúlé báńkì náà gan-an, kì í ṣe nínú Google lásán. Ẹ sì wo aago. Nígbà ooru, aago 8 àárọ̀ Iléṣà jẹ́ aago 2 òru lọ́dọ̀ wa ní Houston. Ẹ̀yin ará Birmingham rí tiyín ṣe, aago kan náà lẹ bá ilé lò nígbà ooru.

Ará Leicester

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè nǹkan tó jọ ọ́. Kì í ṣe báńkì Nàìjíríà ló gé tèmi. Ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́ níbí ni, lórí app. Wọ́n ní àwọn ti san án, àbúrò mi ní Ìbòkun ní kò rí i. Ṣé báńkì àbúrò mi ni n ó máa bá fà á ni?

Lọ́yà Ìjẹ̀ṣà

Rárá. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ ni kí o dì mú. Gba Session ID tàbí nọ́ńbà ìsanwó lọ́wọ́ wọn, kí àbúrò rẹ fi bi báńkì tirẹ̀ bí Ó Ti Ṣe Báńkì Rí ṣe ṣàlàyé lókè. Kí o kọ ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ náà lónìí. Ní UK, lórí ọ̀rọ̀ fífi owó ránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni wọ́n ní láti dáhùn, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá le kọjá bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 35 lọ. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, Financial Ombudsman Service wà láti bá yín yanjú aáwọ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni, oṣù 6 lo sì ní láti ọjọ́ ìdáhùn ìkẹyìn wọn. Ṣùgbọ́n má gbé báńkì Nàìjíríà lọ síbẹ̀ lórí àkáǹtì tí o ṣí ní Iléṣà. Ọwọ́ wọn kò tó o.

Ìyá Ìbejì Houston

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 180 la ní láti fi àṣìṣe han ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ní ọjọ́ 90 láti wádìí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o.

Alábòójútó

Ẹ dákun. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò lórí ìjíròrò yìí. Ẹnì kan ní òun ń ṣiṣẹ́ ní CBN, kí Ọmọ Bọ́lọ́rundúró kọ sí òun ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì àti BVN. CBN kì í wá oníbàárà kiri lórí ìjíròrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi àmì báńkì sórí X tí wọ́n ń ní "ẹ kọ sí wa", ẹ wò wọ́n dáadáa kí ẹ tó fèsì. Ẹni tí owó rẹ̀ sọnù ni olè mọ̀ pé ara rẹ̀ kò balẹ̀, òun ni wọ́n ń dọdẹ. Ẹnikẹ́ni kò nílò PIN tàbí OTP yín láti fi gba ẹ̀sùn.

Ọmọ Bọ́lọ́rundúró

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ lẹ́tà náà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé, kí ẹ bá mi tún un ṣe kí màmá tó gbé e lọ:

"Mo kọ̀wé yìí láti fi yé yín pé inú mi bàjẹ́ sí ìwà tí ẹ hù sí mi àti sí màmá mi. Mo ti jẹ́ oníbàárà yín láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún ti àkáǹtì mi. Mo fẹ́ kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tó yẹ."

Ó Ti Ṣe Báńkì Rí

Inú rẹ bàjẹ́, ó sì tọ́ kí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka lẹ́tà yẹn kò lè fi ìbànújẹ́ wá owó. Kò rí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Gbìyànjú báyìí:

"Ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ẹ yọ ₦640,000 lẹ́ẹ̀mejì kúrò nínú àkáǹtì mi tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí. Ti àkọ́kọ́ ní Session ID báyìí, ó sì dé. Ti èkejì kò ní Session ID, àwòrán rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àsomọ́ 1. Sítétimẹ́ǹtì ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí wà nínú àsomọ́ 2, ọ̀kan ṣoṣo ló wọlé sí i. Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦640,000 padà pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí ẹ gé lórí rẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣí àkáǹtì mi, kí ẹ sì sọ ìwé tí ẹ nílò lọ́wọ́ mi láti yí nọ́ńbà fóònù padà láti UK. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ímeèlì yìí."

Ó tán. Owó àti títì àkáǹtì, kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà yanjú ọ̀kan kí wọ́n pa ẹ̀sùn dé. Ẹ̀ka Iléṣà ni kí o kọ ọ́ sí, kí o sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ímeèlì tí olú ilé iṣẹ́ báńkì náà fi ń gba ẹ̀sùn. Mánìjà ẹ̀ka tó bá rí i pé olú ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀dà, ó máa ń jí gìrì.

Bàbá Eréjà

Èmi àti màmá ti lọ. Mo wọ agbádá, mo mú ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan náà ló wà níbẹ̀. Ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "ẹ̀yin kọ́", mo ní, "Ìyá mi, a kò bi ọ́ ní iye tó wà nínú àkáǹtì. Lẹ́tà la mú wá. Gbà á, kí o lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà yìí." Ó wo ojú mi, ó wo lẹ́tà náà, ó gbé e wọlé lọ. Ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó ka lẹ́tà, ó ka á lẹ́ẹ̀kejì ní ìdúró. Ó bi màmá bí rìsíìtì kejì náà ṣe rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá ní kí ó ṣí àsomọ́ 1. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, kíláàsì ni mo rò pé a wà. Wọ́n lu òǹtẹ̀ náà. Nọ́ńbà ẹ̀sùn, wọ́n ní yóò wọ ímeèlì rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Jẹ́ kí n gbọ́ bí ó bá dé.

Ọmọ òṣómàáló ni wá. A kò ní dìde níbẹ̀.

Ọmọ Bọ́lọ́rundúró

Ó dé, sà! Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dàgbà dògbó. Màmá pè mí, wọ́n ń fi ìdùnnú sọ ọ́ bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí wọn kò bá dáhùn ńkọ́?

Lọ́yà Ìjẹ̀ṣà

CBN ló kàn, kì í ṣe kóòtù. Kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng. Àwọn náà yóò bèèrè orúkọ rẹ, àdírẹ́sì, fóònù àti ímeèlì rẹ, orúkọ báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì, iye owó, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti ẹ̀rí pé o ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn báńkì náà. Ẹ̀rí yẹn ni òǹtẹ̀ tí Bàbá Eréjà gbà àti nọ́ńbà tó wọlé sí ọ. Àwọn tó ń sáré bá CBN kí wọ́n tó fẹjọ́ sùn báńkì, ọ̀dọ̀ báńkì ni CBN máa ń dá wọn padà sí. Bí o bá fẹ́ kí ìwé dé ọwọ́ ènìyàn, CBN ní ẹ̀ka ní Òṣogbo, wọ́n ń gba ẹ̀sùn níbẹ̀, kò dìgbà tí ènìyàn bá dé Àbújá.

Kóòtù wà, ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ ló lè gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà àti báńkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé kóòtù, CBN yóò yọwọ́. Lórí ₦640,000, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú láti kọ́kọ́ gba ibẹ̀.

Ọmọ Lágéré

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ má gbàgbé pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún kan, òkú àkáǹtì ni wọ́n ń kà á sí. Bí ó bá pé ọdún 10, owó inú rẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ CBN. Olówó ṣì lè gbà á padà láti ọwọ́ báńkì rẹ̀, àmọ́ wàhálà ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kánádà ní irú rẹ̀ ní Ifẹ̀, láti ìgbà tó wà ní OAU.

Ọmọ Bọ́lọ́rundúró

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tilẹ̀ pé. ₦640,000 ti padà sínú àkáǹtì láàárọ̀ yìí. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, kí n tẹ "Yes" kí wọ́n lè pa ẹ̀sùn náà dé. Àmọ́ owó iṣẹ́ kò padà, àkáǹtì náà sì ṣì wà ní títì, owó náà kò ṣeé ná.

Ó Ti Ṣe Báńkì Rí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Má tẹ "Yes" o! Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀sùn náà kú nìyẹn, ìwọ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí títì. Tẹ "No", kí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun mẹ́ta lo béèrè, ọ̀kan ló dé. Darúkọ méjì tó kù, kí o sì tún kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn kan náà, má jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní tuntun, torí ti àtijọ́ ni ọjọ́ ti ń lọ lórí rẹ̀.

Ọmọ Bọ́lọ́rundúró

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan láti olú ilé iṣẹ́ wọn pè mí lórí nọ́ńbà UK mi, ó ní kí n fi fọ́tò ara mi ránṣẹ́ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́, àti fọ́ọ̀mù kan tí n ó fọwọ́ sí fún nọ́ńbà fóònù tuntun. Mo ní kí ó fi ímeèlì béèrè rẹ̀ láti àdírẹ́sì báńkì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti fi wọ́n ránṣẹ́. Bàbá Eréjà, màmá ní kí n bá wọn kí yín, wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni bíríkìlà yóò bẹ̀rẹ̀ òrùlé, kí ẹ wá wò ó.